Bí a ṣe ń tọpasẹ̀ ìwádìí lórí igi inú ìlú, kí a tó gbé èsì rẹ̀ wá sílé

Ẹni tó fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì, tàbí tó fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n má gé igi odán tó wà lẹ́bàá ọjà, yóò tètè rí i pé ìwádìí lórí igi inú ìlú ti pọ̀ ju ohun tí ènìyàn kan lè kà tán lọ. Ìwé kò wọ́n rárá. Ohun tó ń dani láàmú ni pé nípa Chicago, London, Beijing àti àwọn ìlú mìíràn tí òtútù ń mú, tí ewé igi wọn ń wọ́ dànù lọ́dọọdún, ni wọ́n kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nígbà tí ẹni tó ń kà á jókòó sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà wá ìwádìí náà rí, tí ẹ ó fi mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dorí kọ, tí ẹ ó sì fi yẹ iye tó wà nínú rẹ̀ wò kí ẹ tó fi sọ̀rọ̀ nípa igi tiwa, ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí "igbó inú ìlú" dúró fún

Nígbà tí Erik Jorgensen ní Yunifásítì Toronto bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú igbó inú ìlú ní 1965, kò ní igbó kìjikìji tí ẹranko ń gbé lọ́kàn. Gbogbo igi ìlú lápapọ̀ ló ń sọ: igi ẹ̀bá ọ̀nà, igi àgbàlá, igi ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, igi itẹ́ òkú, igi etí odò, àti èyí tó hù fúnra rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí. Bí ẹ bá fi ojú yìí wo Ìbàdàn, fúrúńtù tí ẹ gbìn sí iwájú ilé yín wà nínú igbó náà gẹ́gẹ́ bí àwọn igi ọgbà Agodi ṣe wà nínú rẹ̀.

Ìtumọ̀ yìí ni yóò sọ irú ọ̀rọ̀ tí ẹ ó tẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wá ìwé. Nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí náà, òun náà ni ẹ ó fi wá a, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó. Ẹ tẹ "urban forest", kí ẹ sì fi "urban tree", "street tree", "urban green space" àti "urban greening" kún un, kí ẹ fi OR so wọ́n pọ̀, kí ẹ wá fi AND so gbogbo wọn mọ́ àǹfààní tí ẹ ń wá, bí ooru, afẹ́fẹ́, àgbàrá tàbí ìlera. Ẹ má gbàgbé àmì àyọlò. Ẹni tó bá tẹ urban àti forest láìfi àmì náà sí i yóò bá ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àpilẹ̀kọ pàdé tí kò ní ewé kan ṣoṣo nínú, nítorí pé àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní "random forest", wọ́n sì ń lò ó fún ohun gbogbo, láti orí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ títí dé orí iye owó ilé.

Ohun kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń gbójú fò. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, tó tó hẹ́kítà 75, wà létí ìlú gan-an. Ìlú sì ti fẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká. Síbẹ̀ èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó kọ̀wé nípa rẹ̀ kò pè é ní "urban forest" rárá. "Sacred grove" ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì tẹ ìwé wọn sínú jọ́nà ẹ̀sìn, ti ìrìn-àjò afẹ́ tàbí ti ewé àti egbò. Bákan náà, "homegarden" ni ẹ ó ti bá mángòrò, ọ̀rọ̀m̀bó àti ìbẹ́pẹ tó wà nínú àgbàlá àwọn ènìyàn. Bí ẹ kò bá fi irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wá, ẹ ó parí iṣẹ́ yín pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé kò sí ẹni tó kọ nǹkan nípa ilẹ̀ Yorùbá, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ẹ ó ti wá a

Scopus àti Web of Science, àkójọ orí ayélujára tí a ti ń wá ìwé ìwádìí, ni àwọn tó ń ka ìwé ìwádìí lágbàáyé fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni wọ́n ń gbà, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìkàwé yunifásítì wa ló ń san án. Ẹni tí kò bá ní in kò gbọdọ̀ káwọ́ lẹ́rán. OpenAlex, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, jẹ́ ọ̀fẹ́, a sì lè kó àbájáde inú rẹ̀ jáde. Google Scholar náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń rí ohun púpọ̀, àmọ́ kò rọrùn láti kó ẹgbẹ̀rún ìwé jáde nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi African Journals Online kún un, tó ti wà láti 1998, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jọ́nà Nàìjíríà wà tí Scopus kò kà mọ́ tirẹ̀. Lójú mi, ẹni tó bá sọ pé òun ti yẹ ìwádìí ilẹ̀ Áfíríkà wò, tó sì jẹ́ pé Scopus nìkan ló wò, ilẹ̀kùn iwájú ló dúró sí.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ṣe àwárí, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe rí, ibi tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, àti iye ìwé tó jáde. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú Zotero, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí a fi ń to ìwé jọ, kí ẹ yọ èyí tó wá lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì ka àkọlé àti àkótán ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó kan ọ̀rọ̀ yín. Iṣẹ́ yìí máa ń sú ènìyàn, ṣùgbọ́n òun ni ìpìlẹ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ yọ sọnù àti ìdí tí ẹ fi yọ ọ́, kí ẹlòmíràn tó bá tẹ̀lé ọ̀nà kan náà lè dé ibi tí ẹ dé.

Bí a ṣe ń ka ipa ẹsẹ̀ náà

Ètò orí kọ̀ǹpútà méjì ló wọ́pọ̀ fún yíyẹ ìwé tí ẹ kó jọ wò lápapọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. VOSviewer ni Nees Jan van Eck àti Ludo Waltman ṣe ní Yunifásítì Leiden. Bibliometrix ni Massimo Aria àti Corrado Cuccurullo gbé jáde ní 2017, inú R, èdè kọ̀ǹpútà tí àwọn oníṣirò ń lò, ló sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò mọ R kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VOSviewer. Ẹ kó ìwé yín jáde láti inú Zotero ní irú fáìlì RIS, kí ẹ ṣí i nínú VOSviewer, kí ẹ sì ní kó fi ọ̀rọ̀ tó ń bá ara wọn rìn hàn yín. Yóò ya àwòrán tó kún fún òbìrípo. Òbìrípo tó tóbi ni ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n sún mọ́ ara wọn ni ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń lò pọ̀ nínú ìwé kan náà. Àwọ̀ sì ń pín wọn sí agbo-agbo. Ẹ lè yí àwọ̀ náà padà kí ó máa tọ́ka sí ọdún, kí ẹ fi rí ọ̀rọ̀ tó ti gbó àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

Kí àwòrán náà tó lè sọ òtítọ́, ẹ gbọ́dọ̀ so àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ọ̀kan náà pọ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé "urban tree" àti "urban trees" kò yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé "heat island" àti "UHI", tí méjèèjì ń sọ nípa ooru tí ìlú fi ju ìgbèríko lọ, jẹ́ ohun kan náà, àfi bí ẹ bá kọ ọ́ sínú fáìlì kékeré kan tí ètò náà máa ń kà fún iṣẹ́ yìí. Mo ti rí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí òbìrípo mẹ́rin tó tóbi jù nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ ní ọ̀nà mẹ́rin, òun sì ti kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń bára wọn dìje.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú iye ìwé ọdọọdún pẹ̀lú. Ìlà tó ń gòkè kò fi dandan sọ pé àwọn ènìyàn ń nífẹ̀ẹ́ igi sí i, nítorí pé ìwé ìmọ̀ lórí ohun gbogbo ló ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ẹ wo ìdá tó jẹ́ nínú gbogbo ìwé tó jáde lórí àyíká ní ọdún kan náà. Bákan náà, ìwé tí wọ́n tọ́ka sí jù lè jẹ́ èyí tó kàn pẹ́ lójú ọ̀nà.

Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ohun tí ẹ ó rí yóò sún mọ́ èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìtọ́jú igi ni ọ̀rọ̀ náà dá lé: bí a ṣe ń gbìn ín, bí a ṣe ń rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, irú kòkòrò tó ń jẹ ẹ́, jọ́nà àwọn olùtọ́jú igi ní Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975 kún fún irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìṣirò dé. Ìròyìn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí igi Chicago, tó jáde ní 1994, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi owó díwọ̀n ohun tí igi ń ṣe sí afẹ́fẹ́ àti sí iná mànàmáná tí àwọn ènìyàn ń lò nínú ilé. Ní 2002 ni jọ́nà Urban Forestry & Urban Greening bẹ̀rẹ̀, tó wá di ojúkò ọ̀rọ̀ náà. Láti 2005 ni "ecosystem services", èyíinì ni oore tí àyíká ń ṣe fún ọmọ ènìyàn, ti gba gbogbo àkọlé kan, nítorí ìròyìn ńlá tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní ọdún náà lórí ipò tí àyíká wà. Lẹ́yìn 2015, tí wọ́n fọwọ́ sí àfojúsùn ìdàgbàsókè tó lè tọ́jọ́, ọ̀rọ̀ yí sí ooru, ìyípadà ojú ọjọ́, ìlera ọpọlọ, àti ìbéèrè ta ni igi náà ń ṣíji bò. Ẹ ó tún rí Ṣáínà tó ń ga sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Amẹ́ríkà; kì í ṣe ìyàlẹ́nu fún ẹni tó mọ̀ pé láti 2004 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń fún àwọn ìlú ní oyè ìlú onígbó, ìlú Guiyang ló sì kọ́kọ́ gbà á.

Ẹ yẹ iye náà wò kí ẹ tó gbé e

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ rọra. Iye tó dùn ún gbọ́ máa ń yára rìn ju àlàyé tó bá a wá lọ. Ní 2006, David Nowak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò pé igi inú àwọn ìlú Amẹ́ríkà ń mú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 711,000 ìdọ̀tí kúrò nínú afẹ́fẹ́ lọ́dọọdún. Iye yìí ni àwọn ènìyàn ń gbé kiri. Àpilẹ̀kọ kan náà sọ pé ìyàtọ̀ tí èyí ń mú bá afẹ́fẹ́ tí ará ìlú ń mí sábà máa ń kéré sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, gbólóhùn yìí ni wọn kì í sì í gbé. London náà ka igi tirẹ̀, ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2015: igi mílíọ̀nù 8.4, tó ń mú tọ́ọ̀nù 2,241 ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ kúrò lọ́dún. Bí ẹ bá pín in, igi kan kò mú tó ìlàjì kílò. Àwọn ìwádìí mìíràn tún fi hàn pé ní ọ̀nà tóóró tí ilé gíga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì, àtíbàbà ewé lè há èéfín ọkọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, kí ó sì burú ju bó ṣe wà lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbìn igi nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti dánfó ń fi oògùn ibà wo eyín tó ń ro ni.

Ti ooru lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023 nínú jọ́nà ìṣègùn Lancet wo ìlú 93 ní Yúróòpù ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2015, ó sì ṣírò pé ooru tí ìlú fi ju ìgbèríko lọ fa ikú bí 6,700, àti pé bí àtíbàbà igi bá bo ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ìlú, à bá ti dènà 2,644 nínú wọn. Ìpíndọ́gba ooru tí igi náà yóò mú wálẹ̀ kò ju 0.4 lórí ìwọ̀n Celsius lọ. Ẹ rí i pé ohun kékeré lè gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé 2,644 yìí wá sí Èkó. Ọ̀nà méjì ni igi ń gbà mú ibi tútù: ó ń dènà oòrùn, ó sì ń tú omi jáde láti ojú ewé. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún ọ̀rinrin tẹ́lẹ̀, bí etí ọ̀sà, ọ̀nà kejì kò lè ṣiṣẹ́ tó bó ṣe ń ṣe ní ibi gbígbẹ. Òjìji ló kù tí a ó gbẹ́kẹ̀ lé. Èyí túmọ̀ sí pé igi odán kan tó fẹ̀, tí àwọn ìyálọ́jà jókòó sí abẹ́ rẹ̀, lè wúlò fún wa ju ogún igi másíkírédì lọ, tó ga gọ́ńgọ́ lẹ́bàá ògiri, tí òjìji rẹ̀ kò tó aláǹgbá sá sí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn tó ń ta másíkírédì.

Ẹ tún wo iye ènìyàn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí. Àpilẹ̀kọ Roger Ulrich ti 1984, tí ẹ ó bá nídìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ nípa igi àti ìlera, wo aláìsàn 46 péré ní ilé-ìwòsàn kan ní Pennsylvania. Àwọn 23 tí fèrèsé wọn dojú kọ igi lo ọjọ́ 7.96 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwọn 23 tí tiwọn dojú kọ ògiri lo 8.70. Ìwádìí pàtàkì ni, òun ló ṣí ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbé ìlànà ìjọba lé e lórí nílò ẹlẹ́rìí mìíràn.

Ní ti omi òjò, gbogbo Ìbàdàn ló mọ Ògùnpa àti ohun tó ṣe ní 1980. Ewé ń gba òjò díẹ̀ dúró, gbòǹgbò sì ń jẹ́ kí ilẹ̀ mu omi, ṣùgbọ́n òjò kékeré ni èyí ń ràn lọ́wọ́ jù. Bí òjò ńlá bá rọ̀ fún wákàtí púpọ̀, ewé ti kún, ilẹ̀ ti yó. Ẹ má ṣe kọ̀wé pé igi nìkan yóò dá àgbàrá dúró. Ẹ kọ pé kí wọ́n fi etí odò sílẹ̀ fún igi, kí ilé má dé ibẹ̀.

Ẹ mú téèpù jáde

Lẹ́yìn ìwé kíkà, ó yẹ kí ẹ wọn igi díẹ̀ fúnra yín. Ẹ wọn bí igi ṣe ki yípo ní mítà 1.3 sókè láti ilẹ̀, kí ẹ fi 3.14 pín in láti mọ ìbú rẹ̀. Bí igi bá ní ìyẹ́ ńlá nídìí bí àràbà, òkè ìyẹ́ náà ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ orúkọ Yorùbá àti orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ pọ̀, nítorí orúkọ kan lè jẹ́ ti igi méjì láàárín Ẹ̀gbá àti Èkìtì. Níbi tí ẹ bá ti ṣiyèméjì, ẹ mú ewé àti èso rẹ̀ lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n, bí àwọn tó wà ní ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn.

Ọ̀nà ìṣirò tí Jérôme Chave àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2014 fún igi ilẹ̀ olóoru ni mo máa ń lò fún kábọ́ọ̀nù: ẹ fi ìbú (ní sẹ̀ǹtímítà) ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ fi gíga (ní mítà) àti ìwúwo pákó rẹ̀ (gíráàmù nínú sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan) ṣe ìlọ́po èsì náà, ẹ gbé e sí agbára 0.976, kí ẹ wá fi 0.0673 ṣe ìlọ́po rẹ̀. Igi tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50, tó ga ní mítà 15, tí ìwúwo pákó rẹ̀ jẹ́ 0.6, yóò fún yín ní nǹkan bí kílò 1,190. Kábọ́ọ̀nù sì jẹ́ ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, tó jẹ́ bíi kílò 560. Gbogbo ohun tí igi náà ti kó jọ sókè ilẹ̀, láìka gbòǹgbò, láti ìgbà tí wọ́n ti gbìn ín nìyẹn. Lítà bẹntiróòlù bí 890 yóò dá a padà sójú ọ̀run. Jẹnẹrétọ̀ tó ń mu lítà márùn-ún lóòjọ́ kò ní lo oṣù mẹ́fà kó tó jó o tán. Ẹ tún rántí pé igi inú igbó ni wọ́n fi ṣe ìṣirò yìí. Igi ojú títì tí àwọn oníná mànàmáná ń gé lórí lọ́dọọdún yóò wúwo dín.

Fún ooru, ẹ̀rọ ìwọn ooru méjì tó jọra ti tó. Ẹ gbé ọ̀kan sí abẹ́ igi, ìkejì sí ìta gbangba, ní gíga kan náà, kí ẹ fi nǹkan funfun tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá bo orí àwọn méjèèjì kí oòrùn má bà lé ojú wọn. Ẹ kà wọ́n ní agogo méjì ọ̀sán fún ọ̀sẹ̀ méjì, nínú ẹ̀ẹ̀rùn àti nínú òjò. i-Tree, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn elétò igbó ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2006, lè ṣe ọ̀pọ̀ ìṣirò fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó nílò àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ àti ti afẹ́fẹ́ ìlú yín. Ẹ má ṣe yan ìlú Amẹ́ríkà kan tí ẹ rò pé ó jọ tiyín kí ẹ fi rọ́pò.

Ìdánwò kan wà tí kò gba ẹ̀rọ, èyí tí Cecil Konijnendijk dá lábàá ní 2021: kí ènìyàn lè rí igi mẹ́ta láti ilé rẹ̀, kí àtíbàbà igi bo ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àdúgbò rẹ̀, kí ibi ìgbafẹ́ eléwéko má sì jìn ju mítà 300 lọ sí i. Ẹ ṣe é ní Bodija, kí ẹ sì ṣe é ní Bẹẹrẹ. Ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí láàárín àwọn méjèèjì kan ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè gbọ̀ngbọ̀n, torí pé àfojúsùn kọkànlá ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ọ́ ní 11.7 pé kó tó di 2030, gbogbo ènìyàn, pàápàá obìnrin, ọmọdé, àgbàlagbà àti àwọn aláàbọ̀ ara, gbọ́dọ̀ ní ibi eléwéko tí kò léwu tí wọ́n lè wọ̀. Ọgbà tí a ń sanwó ẹnu ọ̀nà kí a tó wọ̀ ọ́, ẹ kà á lọ́tọ̀.

Bí ẹ bá wá ń kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀ nípa igi odán yẹn, ẹ fi ohun tí ẹ wọ̀n ṣáájú: bí ibẹ̀ ṣe gbóná sí lábẹ́ igi àti ní ìta, iye ènìyàn tó jókòó sí abẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà, ìbú rẹ̀ àti bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe rí lẹ́nu àwọn àgbà àdúgbò. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ mú ìwádìí ìta méjì tàbí mẹ́ta wọlé, kí ẹ sọ ìlú tí wọ́n ti ṣe é àti ọdún rẹ̀, kí ẹ sì so àwòrán igi náà mọ́ ọn, èyí tí ẹ yà ní agogo méjì ọ̀sán nígbà tí òjìji rẹ̀ kún fún ènìyàn.